Ẹ Bá Wa Sún Kérésì Sí Oṣù Kejì

Tèmilọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà n'Ífàkọ̀ níbẹ̀? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó? Olúwa tó la Òkun Pupa yóò máa la ọ̀nà fún ọ lọ sí iléeṣẹ́ bisikíìtì yín, yóò sì máa là á bọ̀. Àwa náà wà, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Má bínú pé o pè títí tí n kò gbé fóònù. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí o pè tí a ń rí ojú rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lo wúkọ́ sí Màmá àgbà lójú, mo kà á. Nọ́ọ̀sì Moyọ̀sọ́lá sì ti sọ fún wa pé ohunkóhun tí ikọ́ bá ta sí, ká fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ fóònù náà tinú tẹ̀yìn, mo sá a sóòrùn. Láti ìgbà náà ni kò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Jubril tó ń tún fóònù ṣe bi mí pé ṣé mo fẹ́ pa á ni, mo ní àrùn ni mo fẹ́ pa.

O ṣáà rántí Kérésì èṣí. Ọjọ́ kan náà ni àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége tilẹ̀kùn, ọjọ́ kan náà ni gbogbo yín já wálé. Ẹ̀yin méjìdínlógún nínú ọkọ̀ kan, ẹ ti fèrèsé pa nítorí ọyẹ́, ẹ ń mí sí ara yín lẹ́nu láti Èkó dé Èkìtì. O kó búrẹ́dì wá, o kó ọ̀fìnkìn tì í. A dì mọ́ra, a sùn mẹ́jọ mẹ́jọ nínú yàrá kan. Nígbà tó fi máa di àìsùn ọdún tuntun, ikọ́ ni ìjọ fi ń ṣe àmín. Gbogbo wa bọ́, àfi Màmá àgbà. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà lórí ẹní kí wọ́n tó dìde, bàbá rẹ tiẹ̀ ti yọ́ lọ bá káfíńtà sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní bó ṣe ń rí nìyẹn bí ọdún bá kó èèyàn jọ, ọ̀dọ́ á fọn imú á sì tán, àgbà ló ń gbé lọ.

Mo ronú títí, mo rí i pé Kérésì gan-an ló lẹ̀bi. Jọ̀ọ́, kúnlẹ̀ bẹ máníjà yín kó máa fún ẹni mẹ́ta mẹ́ta lọ́lidé lẹ́ẹ̀kan, kó fi tìrẹ sí oṣù kejì. Mo ti ní kí wòlíì wa bá wa sún Kérésì ilé wa síbẹ̀. Ó ní ọjọ́ ìbí Jésù kì í ṣe ìpàdé alájẹṣẹ́kù tí èèyàn lè sún síwájú. Mo ní Jésù tí wọ́n gbé sá lọ sí Íjíbítì kò ní bínú sí ẹni tó ń fi ìyá rẹ̀ pamọ́.

Nítorí náà, má wá. Ibí ni mo fẹ́ pa ìwé dé sí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni mò ń kà á sókè, Màmá àgbà sì ń gbọ́. Wọ́n wá ní kí n bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú pé àwọn á wà di oṣù kejì. Tèmi, ẹkún ni mo sun.

Máa bọ̀, ọmọ mi. Jókòó ti fèrèsé ọkọ̀, kí o ṣí i, kí ọyẹ́ máa lù ọ́. Mo ti gbé àga kan síta lábẹ́ fèrèsé Màmá àgbà. Ibẹ̀ ni wàá ti máa kí wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Wọ́n á na ọwọ́ sí ọ, mo mọ̀ wọ́n, má gbà á. Bí o kò bá wúkọ́, èmi fúnra mi ni màá ṣí ilẹ̀kùn.

Fi owó fóònù àti owó ọṣẹ rán awakọ̀. Kí o kọ́kọ́ sá owó náà sóòrùn, èmi náà á tún un fọ̀ níbí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ọdún ṣe ọ̀fọ̀. Àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á dára.

Èmi ni ìyá rẹ, tí yóò pàdé rẹ lọ́nà, tí kò sì ní dì mọ́ ọ.