Kíṣínì Àlòkù Tí Mo Rà fún Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí ọ̀gá rẹ tó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jí lọ́jọ́ tí o bá pẹ́ dé. Àlàáfíà ni a wà, àfi orúnkún mi tó ń ro mí àti ìyá rẹ tó ń bínú. Orúnkún yẹn yóò san.

Inú rẹ á dùn láti gbọ́ pé mo ti ra kíṣínì tí irú rẹ̀ kò sí ní gbogbo àdúgbò yìí. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ló gbé e wálé, àwọn ènìyàn sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti wò ó. Ó dáa, ọkọ̀ kan ni, ó lọ ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó sì dúró wò ó, télọ̀ iwájú ilé wa ni, òun náà ní ojú ọjọ́ lòun ń wò.

Ìwọ lo ní kí a tún kíṣínì ìyá rẹ ṣe kó tó wó lé e lórí. Ara mi yá jù, mo wó ti àtijọ́ dànù kí n tó rí òmíràn, ni ìyá rẹ bá gbé sítóófù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ń lọ wẹ̀ gbọ́dọ̀ fo ìkòkò kọjá.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló ta tirẹ̀ fún mi, kọ́bọ́ọ̀dù, pẹpẹ gígùn àti síńkì. Ẹ̀rọ omi méjì ló wà lórí síńkì náà, ó ní omi gbígbóná ń jáde nínú ọ̀kan, tútù nínú èkejì. Mo bi í pé ta ló ń dáná lábẹ́ ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ni mo fi mọ̀ pé òun náà kò mọ̀. Mo fẹ́ ya fọ́tò kíṣínì náà ránṣẹ́ sí ọ, ṣùgbọ́n fóònù ní òun ti kún, kò sáyè mọ́. Mi ò bá a jà. Kọ́bọ́ọ̀dù gàgàrà yẹn, báwo ni yóò ṣe wọ inú nǹkan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ? Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀ wá kó o.

Kí n tó kúrò nílé, mo ti fi okùn funfun kan wọn ògiri wa láti igun dé igun. Àbúrò ìyá rẹ, káfíńtà, ló bá mi lọ. Ó fẹ́ mú téèpù dání, mo ní kó fi sílẹ̀, okùn mi kì í purọ́. Nígbà tí a na okùn náà sára pẹpẹ, pẹpẹ fi bí apá kan gùn jù ú lọ. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e délé ná. Mo ní nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, o ò tíì lè nu imú ara rẹ, òní lo wá fẹ́ kọ́ mi ní okùn nínà. Ló bá fa ayùn yọ, ó gé e.

A délé, a tò ó, àlàfo wá ṣẹ́kù láàárín pẹpẹ àti ògiri, apá kan gééré. Ológbò ti sọ ibẹ̀ di yàrá rẹ̀. Ìyá rẹ wò ó, ó wò mí, ó ní bàbá ọmọ mi, kí lèyí? Mo bá wo káfíńtà. Mi ò sọ nǹkan kan o, mo kàn wò ó ni. Láti ọjọ́ náà, ìyá rẹ kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó wá lánàá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ìyá rẹ ní tó bá jẹ́ nǹkan míì ló tún fẹ́ gé, kò sí níbí. Ọkùnrin náà kò fẹnu bà mí. Ó kàn wo ìbàdí mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí o fi owó fíríìjì ránṣẹ́, èyí tí ìbú rẹ̀ tó apá mi gẹ́lẹ́. Èmi yóò ní mo dìídì fàyè sílẹ̀ fún un ni. Má fi owó náà sínú fóònù mi o, mo ti sọ fún ọ pé ó ti kún. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, ohunkóhun tí o bá sì wọ̀n láyé, yóò bá ibi tó yẹ mu.

Ibi tí mo fẹ́ parí sí nìyẹn, ṣùgbọ́n ojú tí àbúrò ìyá rẹ fi wo ìbàdí mi kò jẹ́ kí n sinmi. Ọkùnrin náà kò jẹ̀bi nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lọ, okùn ṣòkòtò mi já, mo gé lára okùn funfun tí mo ti fi wọn ògiri, mo so ó mọ́ ọn. Ìgbà tí mo rí àlàfo náà ni mo tó rántí. Jọ̀ọ́, bá mi tẹ ìyá rẹ láago kí o sọ fún un, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Okùn náà ṣì wà nídìí ṣòkòtò mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.