Má Dé Ìwúkàrà Rẹ Pinpin

Èmi télọ̀ ni mo kọ lẹ́tà yìí. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé, ló ń sọ ọ́ fún mi kí n kọ ọ́ sí ìyàwó rẹ̀ nílé.

Ìyá àwọn ọmọ mi, ara mi le koko. O béèrè bí a ṣe ń po ìwúkàrà tí yóò mú ọtí rẹ hó dáadáa. Se omi àti ṣúgà, jẹ́ kó tutù, da ìwúkàrà díẹ̀ sí i, kí o fi aṣọ mímọ́ bò ó. Má dé e pinpin.

Èmi rọ tèmi sínú ìgò, mo dé e pinpin, bí bàbá mi ṣe ń dé irúgbìn. Wẹ́dà tí a jọ ń gbé yàrá tú u. Ó ní, "Bàbá, ìgò yìí á bẹ́." Mo gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ bo àyà rẹ̀, mo sì tún un dé.

Wẹ́dà ní, "Ẹ ṣe é bó ṣe wù yín, bàbá olóríkunkun."

Ó bú gbàù mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgò burúkú ni wọ́n tà fún mi. Wẹ́dà kò jàre. Òun náà ló fi ẹ̀wù rẹ̀ di ọwọ́ mi, tó gbé mi sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ìka tó kù ṣì tó fi mú ife.

Bá mi kí ìyá rẹ àti àwọn ọmọ.

Àtàǹpàkò òsì ló fi tẹ ìwé yìí, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ṣèṣe.
Ẹlẹ́rìí: nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, àti wẹ́dà, tí ètè rẹ̀ ṣì wú.