Kọ́là Aṣọ Jẹ́jẹ́

                                        Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀bù Ìránṣọ.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ilé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá wa. Ṣé ara ọkọ yín le? Ẹ sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé ṣòkòtò wọn. Aṣọ tó máa gba ìdí wọn ni mo ṣì ń wá. Jẹ́jẹ́ ọmọ wa ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀dọ̀ ara mi bẹ̀rẹ̀.

Láti bí oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá wa ti gba ọkùnrin kan tó ń gé aṣọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn dáadáa ni, kò mọ̀ ju àwàdà lọ. Àmọ́ kó tó wọlé, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wúkọ́ bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún mi níka. Ìgbà kejì, mi ò lè mí dáadáa mọ́, àyà mi ń lù kìkìkì, òógùn bò mí, mo rò pé ikú ló dé. Mo ti yí máṣíìnì mi kọjú sí ẹnu ọ̀nà báyìí, àwọn yòókù sì ti sọ mí ní Ọlọ́dẹ.

Dókítà yẹ ọkàn mi wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Nígbà tí mo ròyìn ikọ́ náà, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí pé ta ló máa ń wú irú ẹ̀ nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Ó ní ẹ̀rù tí ọmọdé ò bá rí ẹni sọ ọ́ fún kì í lọ, inú ara ló ti máa ń bá a dàgbà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ rántí kọ́bọ́ọ̀dù màmá wa. Bàbá á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, a ó gbọ́ bẹ́líìtì tó ń jáde lára ṣòkòtò, àwa ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù. A ó fi kọ́là ọrùn aṣọ wa sẹ́nu, a ó máa jẹ ẹ́ kí ẹkún má bàa jáde. Àwọn aládùúgbò a sì máa yìn wá pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni wá. Nígbà tí ẹ fẹ́ gbà wọ́n sílé yín, ẹ ní bàbá ti darúgbó, pé bẹ́líìtì gan-an ò dúró ní ìdí wọn mọ́. Inú bí mi sí yín, mo rò pé ẹ ti gbàgbé ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó sùn.

Àná ni mo tú aṣọ ilé ìwé Jẹ́jẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ pé eku jẹ. Ẹ̀gbọ́n mi, ọdún méjìlá ni mo ti ń tún aṣọ tí eku jẹ ṣe. Eku máa ń gé òwú ni, á sì dá ihò sí aṣọ. Kọ́là wọ̀nyí ò ní ihò. Wọ́n rún, itọ́ ti gbẹ mọ́ wọn lára, ojú eyín kéékèèké ló sì wà níbẹ̀. Aṣọ mẹ́ta, ibì kan náà. Kí bàbá tó kó dé ọ̀dọ̀ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, mi ò pààrọ̀ kọ́là fún ọmọ yẹn rí.

Ẹ má bá a wí, ẹ má sì bi í léèrè níwájú bàbá. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti mú un wá sọ́dọ̀ mi, títí ẹ ó fi rí ibòmíràn fún bàbá. Bí ẹ bá bínú sí mi, mo gbà.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Mi ò ní kí ẹ kí bàbá. Kí n tó dé, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá wúkọ́, ẹ má wo bàbá. Ọmọ ni kí ẹ wò.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ jọ há sí kọ́bọ́ọ̀dù,

Ọlọ́dẹ.