Ẹ̀pẹ́ Kò Jìnnà

Ìgbògbò, Ìkòròdú.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2006.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìgbògbò. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣé èéfín ẹja kò sì yọ ojú yín lẹ́nu jù? Ara tèmi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Tẹ́lẹ̀, "Ìyá Ìbídùnní" ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí yín. Mo kọ ọ́ lónìí, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa pè yín ní Màmá.

Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ka lẹ́tà yìí, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni kà ní Ọjà Olúwo. Ìbídùnní sọ fún mi pé ilé-ìwé alẹ́ lẹ ti kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn tí ẹ ti bí ọmọ mẹ́rin, àti pé èédú ni ẹ fi ń kọ orúkọ òun sára ògiri ibi tí ẹ ti ń yan ẹja.

Jọláolúwa, ọmọ-ọmọ yín, ń jẹun, ó sì ti ga sí i. Oyèdèjì bàbá rẹ̀ ló ń gbé e wá láràárọ̀ kó tó sáré lọ wọ ọkọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó. Ẹ rántí pé ilé-ẹ̀kọ́ Mọntesórì ni tiwa, níbi tí olùkọ́ kì í ti í mú ẹgba dání, tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń fọ abọ́, tó ń da omi láti inú jọ́ọ̀gì kan sí òmíràn, tó sì ń gbálẹ̀. Nígbà tí Ìbídùnní kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé ẹ̀yin kò lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀ ni.

Ọ̀gá wa, Ìyáàfin Mojúbàolú, ní ìwé kan tó ti òkè òkun wá, òun la sì ń tẹ̀ lé lóṣooṣù. Ìwé náà ní kí á kó àwọn ọmọ jáde lásìkò yìí láti ṣa ewé pupa, torí pé ìgbà tí igi ń wọ́wé ni lọ́dọ̀ àwọn tó kọ ọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́, òjò kò tíì dá tán. Igi furúùtù ẹ̀yìn kíláàsì wa nìkan ló gbọ́ràn sí ìwé náà lẹ́nu: ewé rẹ̀ ń pọ́n, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ṣa ìwọ̀nba tó wà, àwọn ọmọ sì lẹ̀ wọ́n mọ́ bébà. Jọláolúwa ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní ti Mọ́mì òun ni.

Màmá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹ mọ̀ pé àìsàn ọjọ́ mẹ́ta péré ló mú Ìbídùnní lọ nínú oṣù kẹsàn-án. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ọwọ́ mi ni ọmọ rẹ̀ wà nígbà tí ìròyìn dé. Ilé-ìwé ti parí, àwọn ọmọ yòókù ti lọ, àwa méjì la jókòó sórí àga kékeré. Oyèdèjì pè mí lórí fóònù, kò lè sọ̀rọ̀ náà tán. Ọmọ wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, Mọ́mì mi dà?" Ẹnu mi yá ju ọgbọ́n mi lọ. Mo ní, "Mọ́mì ti lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ Màmá àgbà." Ìtùnú ni mo pe irọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ní kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná, òun náà sì ń sọ bẹ́ẹ̀ títí dòní.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, a máa ń jókòó yípo lórí ẹní, ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì sọ ìròyìn ilé rẹ̀. Kabir ní ìyá òun ti bí ìbejì. Ọmọ kan ní ajá àwọn ti jẹ bàtà bàbá òun. Bó bá kan Jọláolúwa, á ní, "Mọ́mì mi wà ní Ẹ̀pẹ́." Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo ti ń gbọ́ ọ, tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún un bí mo ṣe ń pa á fún àwọn yòókù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé máàpù tuntun wá fún wa. Ògúnsànyà, káfíńtà àdúgbò wa, ló fi pákó gé Ìpínlẹ̀ Èkó, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dà tirẹ̀, kí ọmọ lè kó wọn jáde kó sì tún tò wọ́n padà. Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, olùkọ́ kì í sọ fún ọmọ pé ó ṣì í. Pákó náà ni yóò sọ fún un. Bí kò bá ti wọlé, ọmọ á mọ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi Ìkòròdú han Jọláolúwa, mo fi Ẹ̀pẹ́ hàn án, ó sì tò wọ́n. Àwọn méjèèjì fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ó fi ìka wọn ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Àǹtí, Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà. Ìka mi kan ni." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pákó ló bá a. Ìgbà yẹn ló wá rọra bi mí pé, "Ṣé torí ògì tí mo dà sára aṣọ wọn ni wọn ò ṣe fẹ́ wá?"

Mo sunkún, Màmá. Àárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ló da ògì sára aṣọ ìyá rẹ̀, ìyá sì bá a wí bí ìyá ṣe ń báni wí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, àwa kò mọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ kú yá ju ọmọ nù lọ. Ìyá tó nù ni mo fún ọmọ yìí, ìyá tó wà nítòsí tí kò sì fẹ́ wá. Mo sọ fún un pé Mọ́mì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́ mọ́, n kò sì lè bá a jà.

Oyèdèjì ní òun ti gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó ní ẹ̀yin ni ọmọ yóò gbà gbọ́, torí pé ẹ̀yin lẹ wà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá ní ìyá rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ yín, ó parí nìyẹn. Mo mọ bí ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ti wúwo tó. Mo mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀, mo sì gbọ́ pé ẹ ní ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ Ìkòròdú mọ́. N kò ní kí ẹ dé ilé náà, n kò sì ní kí ẹ dé ibi tó sùn sí. Kíláàsì wa ni kí ẹ wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kí ẹ bá wa jókòó lórí ẹní. Èmi ni n ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. N ó sọ lójú rẹ̀ pé Àǹtí purọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e jókòó lórí ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú, kí ẹ sì sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògì rárá.

Bí ẹ bá bínú sí mi, ó tọ́. Èmi náà kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìbídùnní ló máa ń dúró bá mi to àwọn àga bó bá wá mú ọmọ, tí yóò máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àga ìdí òròmọdìẹ ni.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Ìbídùnní sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó dá yín sí fún àwọn tó kù, ẹ kò ní sunkún ọmọ mọ́. Jọláolúwa yóò dàgbà, yóò sì tọ́jú yín dọ́jọ́ alẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Bísọ́lá,
olùkọ́ Jọláolúwa, ọ̀rẹ́ Ìbídùnní.

Àfikún: Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo rí i pé Ẹ̀pẹ́ kò sí nínú máàpù. Mo wá a títí. Inú báàgì Jọláolúwa ni mo ti rí i, ó fi bébà ewé rẹ̀ wé e. Ó ní òun ń gbé e lọ sílé, kí Mọ́mì lè wà nílé. N kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.