Káàdì Mẹ́ta, Ìjókòó Méjì

Ajé, 3 oṣù kẹta
Èmi, Alága Àgbà fún gbogbo báǹkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló ń kọ èyí lórí àga aláwọ mi ní Toledo. Lónìí, obìnrin kan, Marlys, tọrọ káàdì àwìn mẹ́ta láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ó ní téèyàn bá tọrọ wọn lọ́jọ́ kan náà, báǹkì kìíní ò ní tíì gbọ́ ti ìkejì. Káàdì kan, ẹ̀bùn máìlì tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kan, ìjókòó kan dé Alaska. Tiẹ̀, ti Wendell ọmọ ẹ̀, ti Roxie ọmọ ẹ̀ àgbà — arẹwà, ọlọgbọ́n, tí ilé-ìwé lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí ó fi ohùn ọ̀gá wọn kéde ìsinmi. Màmá Àgbà wọn tó ń gbé níbẹ̀ máa pé ọgọ́rin ọdún lóṣù karùn-ún. Ẹ̀bùn kan ló ń fẹ́: kí Roxie wá fi ohùn ọkọ òun tó kú bá òun sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 4
Alága pe Marlys lórí fóònù. Imú ni mo fi sọ ọ́: kí lẹni tó ní ọmọ méjì fẹ́ fi káàdì mẹ́ta ṣe? Òógùn bò ó. Ó ń pè mí ní sà! Ẹ̀rín Wendell ló tú àṣírí mi.

Ọjọ́rú, 5
Mo tún pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Jímọ̀, 7
Káàdì méjì dé. Marlys fẹnu kò wọ́n.

Àìkú, 9
Ẹ̀bùn ò ní wọlé àfi tó bá ná ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìsìn, nílé oúnjẹ páńkéèkì, ó já ìwé owó oúnjẹ gbà lọ́wọ́ gbogbo ìjọ: "Ẹ kó kéèṣì yín fún mi, èmi ni màá fi káàdì san án!" Pásítọ̀ rò pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló bà lé e.

Ìṣẹ́gun, 11
Fóònù dún láàárọ̀. Ọkùnrin kan, ohùn imú. Báǹkì kẹta — ṣé lóòótọ́ ni Mọ́mì tọrọ káàdì? Mọ́mì ní, "Roxie, orí ẹ ò pé! Gbé imú ẹ kúrò lójú fóònù, kó o lọ fọ abọ́!" Ó pa á mọ́ ọn létí.
Ó yíjú. Èmi nìyí lẹ́yìn ẹ̀, mò ń jẹ búrẹ́dì.
Mo ní, "Mọ́mì, èmi kọ́ ló pè yín."

Ọjọ́rú, 12
Mọ́mì pè wọ́n padà. Ó ní kí n fi ohùn náà sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gbà pé èmi ló rò pé ó ń pè. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ohùn ọ̀gá òun gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.
Mọ́mì ò pariwo. Ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti fi ẹnu ẹ jẹ ìjókòó ẹ."

Àbámẹ́ta, 24 oṣù karùn-ún
Wọ́n ti wà ní Alaska. Aládùúgbò ń ṣọ́ mi bí ẹlẹ́wọ̀n. Fóònù dún. Ohùn imú kan, tí ò dáa rárá: "Báǹkì ni o. Ṣé ẹ ti fọ abọ́, mà?" Mọ́mì! Kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Màmá Àgbà gba fóònù. Ó ní ó yá. Mo tún ọ̀fun ṣe, mo gbé ohùn ọkọ ẹ̀ wọ̀: "Ìwọ obìnrin yìí, ta ló tún gbé awò ojú mi?"

Màmá Àgbà dáhùn jẹ́jẹ́: "Orí ẹ ló wà, arúgbó yìí. Orí ẹ náà ló máa ń wà."
Kò sí alága kankan níbí. Roxie Hulbert ló kọ gbogbo ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nídìí abọ́ tí ò tíì fọ̀.