Ọkọ Mi Kọ̀ Láti Dín Aṣọ Mi Kù

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ inú ń bí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi o; aránṣọ lọkọ mi.

Dókítà ní kí n dín sísanra kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Èmi àti àbúrò mi obìnrin wá ń rìn láràárọ̀, mo sì jáwọ́ nínú mímu mínírà. Ara mi ti fúyẹ́! Mo ní kí ọkọ mi bá mi dín aṣọ mi kù, ó ní, "Mi ò ṣe. Ṣé kí àwọn oníbàárà mi lè sọ pé ebi ni mo fi ń pa ọ́?" Ló bá tún gbé mínírà wálé.

Áà! Ẹni tí mo fẹ̀yìn tì ló yẹ̀ yìí. Aṣọ ń bọ́ lára mi lójú títì. Bó bá tún kọ̀, ọ̀dọ̀ aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì ni mò ń kó àwọn aṣọ náà lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bi í: tí wọ́n bá rí ìyàwó aránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ mìíràn, kí ni wọ́n á wá sọ nípa ọkọ ẹ̀?