Ohun Tó Ń Jẹ Gbòǹgbò Eyín Àmírà

Àǹtí Zàlìhà mi,

Mo kí yín, mo kí Àlàájì àti gbogbo ará ilé ní Ìlọrin. Ara wa le ní àdúgbò Boukoki níbí, lẹ́yìn ààlà. Òjò wó ògiri ẹ̀yìn, mo fi bíríkì àlòkù tún un mọ kí owó má baà pọ̀. Láti ìgbà tí bàbá Àmírà ti kú, èmi nìkan ni mò ń dá gbogbo rẹ̀ rò.

Eyín Àmírà ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Dókítà eyín tó fi wáyà tò ó kí ó lè tọ́ gba omi díẹ̀ létí èrìgì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ omi náà wò, wọ́n rí àmì pé ara ń jẹ gbòǹgbò eyín náà, bó ṣe máa ń jẹ ti eyín ọmọdé kí ó tó yọ. Ó ní irú rẹ̀ lè wà nínú ẹbí, kí n wádìí, kí òun lè mọ̀ bóyá kí òun tú wáyà, torí fífà rẹ̀ lè mú kí gbòǹgbò náà túbọ̀ jẹ.

Àmírà ní, "Màmá, eyín tí mo jù sórí òrùlé lọ́jọ́sí, alángbá ti rí i nìyẹn!" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń kí mi níhìn-ín, kò sí ẹni tó mọ bí eyín bàbá wa ṣe rí, èmi náà ò sì tíì gbọ́n nígbà tó kú.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé eyín bàbá wa tètè yọ dànù? Ẹ fi èsì rán awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, mo ti sanwó àlọ àti àbọ̀. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Tí ẹ bá rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.

Àbúrò yín,
Sàlámátù